Ìpín Igún Lódò Ẹran

Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ kì í ta ohun tí ẹ kò lè jẹ,

Mo kí yín. Ìkíni náà ò ní gùn, nítorí ẹjọ́ ni mo mú wá, ẹ sì mọ̀ mí: tí ọ̀rọ̀ bá ti wà nínú mi, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bò ó mọ́lẹ̀. Mo máa kọ́kọ́ ro ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn fún yín. Tí mo bá rò ó tán, mo máa bi ẹ̀yin fúnra yín ní ìbéèrè kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú títí n ó fi dé ibẹ̀.

Màámi wà, ara wọn le. A ṣì ń gbé yàrá wa ní Nyanya. Fìlà yín ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí ẹ fi kọ́ sí, wọn ò jẹ́ kí n gbé e kúrò. Wọ́n ní kí ẹni tó bá wọlé lè mọ̀ pé ọkùnrin ń bẹ nínú ilé. Mo ní ṣé obìnrin wá ni èmi ni? Wọ́n ní kí n lọ fọ ẹsẹ̀ mi, pé ẹ̀jẹ̀ màlúù wà ní gìgísẹ̀ mi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a yí. Ọ̀bẹ yín wà lọ́wọ́ mi. Òkúta tí ẹ gbé wá láti abúlé ni mo ṣì fi ń pọ́n ọn, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yá a.

Àwọn igún yín ló ku díẹ̀ káàtó.

Nígbà tí mo jáde ìwé lábúlé tí ẹ mú mi wá sí Àbújá, orí òrùlé odò ẹran kì í hàn fún igún. Ẹ̀rù wọn bà mí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ ní nígbà tí ẹ dé ìlú yìí tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ orúkọ yín, àwọn ni oníbàárà yín àkọ́kọ́. Láàárọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, tí ẹ bá ti bó awọ màlúù àkọ́kọ́ kúrò, kí obìnrin kan tó gbé abọ́ rẹ̀ síwájú yín, ẹ ó ti gé ìpín igún sọ́tọ̀. Ẹ ó súfèé gba àárín eyín yín tó là. Wọn ó sì bà sílẹ̀, wọn ó máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún bọ̀ bí àwọn àgbàlagbà tí wọ́n pè wá jẹun, tí wọn ò fẹ́ kí wọ́n rí i pé ebi ń pa wọ́n.

Mo rántí búlúù yẹn náà. Tí màlúù bá ṣubú látinú ọkọ̀, tó kú kí ọ̀bẹ tó kàn án, ẹ ó ní òkúǹbete ni, èèyàn ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Àwọn ẹlòmíràn á yára kun ún, wọn á tà á fún àwọn tó ń se pẹpẹsúùpù. Ẹ̀yin kò jẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé tí ẹ bá kàn jù ú nù, ẹnìkan á gbé e, á lọ fọ̀ ọ́, á lọ tà á. Ẹ wá ń po búlúù ìfọṣọ sínú garawa, ẹ ń dà á lé ẹran náà lórí títí tó fi máa dà bí aṣọ àdìrẹ. Málàm Sani, tí pèpéle rẹ̀ kọjú sí tiwa, máa ń pariwo pé, “Kai, Alápatà! O fọ ẹran, o fi búlúù sí i, ìgbà wo lo máa lọ̀ ọ́?” Gbogbo odò ẹran á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà á rẹ́rìn-ín. Ẹ ó wá gbé ẹran búlúù náà fún àwọn igún. Ẹ ní ikùn wọn le ju ilẹ̀ lọ, pé ohun tó lè pa èèyàn, ìpápánu ni fún wọn.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, gbogbo rẹ̀ ni mò ń ṣe bí ẹ ṣe ń ṣe é. Mi ò yọ nǹkan kan kúrò. Ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ náà ń dín kù. Nígbà tó yá, èèyàn lè fi ojú kan ka gbogbo wọn lórí ògiri.

Ẹ̀yin ò gbàgbé ọkùnrin Maitama yẹn, ẹni tó gbé ọkọ̀ dúdú wá, tó jókòó sínú rẹ̀ tí kò sọ̀kalẹ̀, tó ní òun fẹ́ orí igún àti pé iye tí a bá pè é lòun máa san. Ẹ ò bá a jiyàn. Ẹ kàn rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ yín lọ́wọ́, ẹ ní, “A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Ṣé wọn ò sọ fún ọ nílé yín ni?” Ó gbé dígí ọkọ̀ rẹ̀ sókè. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá gbé ọkọ̀ wá béèrè igún lọ́wọ́ wa, ọ̀dọ̀ apẹyẹ ló ti ń bọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ìjọba pẹ̀lú àwọ̀n àti àpótí, kí lẹ fẹ́ kí n rò? Dókítà Bọ́sẹ̀ lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni, Kubwa ló ń gbé, iṣẹ́ ìjọba lórí ẹranko ìgbẹ́ ló ń ṣe. Ó kí mi dáadáa. Mi ò fẹ́ràn bó ṣe kí mi dáadáa.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bùrọ̀dá. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń fún àwọn ẹyẹ yìí lóúnjẹ?”

“Ta ló sọ fún yín?”

“Gbogbo odò ẹran ló sọ.”

“Kí lẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe?”

“A ò fẹ́ kí wọ́n tán ni. Nǹkan kan ń pa wọ́n, a ò sì tíì mọ nǹkan náà.”

Mo ní, “Bóyá ẹ̀yin ni.”

Málàm Sani gbọ́. Ó ju eegun ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. “Kai! Wọ́n gba owó orí lọ́wọ́ wa tán, ó wá kan igún. Ọmọ Alápatà, sọ fún wọn kí wọ́n fò lọ o!”

Wọ́n fi àwọ̀n mú ẹyẹ kan. Ẹyẹ ọ̀dọ́ ni, Dókítà ló wo ojú àti ìyẹ́ rẹ̀ tó sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi okùn pẹlẹbẹ gbé ẹ̀rọ kékeré kan pọ̀n ọ́n lẹ́yìn bí ọmọ. Ẹ̀rọ náà ò ju páálí ìṣáná lọ, ó ní dígí dúdú tó ń mu oòrùn bíi ti iná sólà. Dókítà ní ibikíbi tí ẹyẹ yìí bá fò lọ, ẹ̀rọ náà á máa ránṣẹ́ sókè ọ̀run, ọ̀run á sì sọ fún fóònù òun.

Mo sọ fún un pé àwọn àgbà ní igún bà lórùlé, ojú rẹ̀ tó ilé, ó tó oko. Ní báyìí, fóònù yín lẹ fẹ́ kó tó ilé, kó tó oko. Ẹni tó bá jí fóònù náà ńkọ́? Ẹni tó bá fún yín lówó ńkọ́? Ẹ ti fi ọ̀nà ibùsùn ẹyẹ han apẹyẹ nìyẹn.

Ó ní, “Ìbéèrè gidi nìyẹn.”

“Kì í ṣe pé kí ẹ yìn mí, mà. Èsì ni mò ń béèrè.”

Ó ní àwọn díẹ̀ péré ló lè ṣí i. Mo ní àwọn díẹ̀ yẹn gan-an ni mò ń bẹ̀rù. Ó wò mí, ó gba fóònù mi, ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó dá a padà fún mi. Ó ti fi máàpù ẹyẹ náà síbẹ̀. Ó ní kí èmi náà máa ṣọ́ àwọn. Bàbá, ó tètè gbà. Ẹni tó bá tètè gbà fún mi, ọwọ́ rẹ̀ kejì ni mo máa ń wò.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Ààmì pupa kékeré ni. Láàárọ̀ á wà lọ́dọ̀ wa, tó bá yá á wà ní ààtàn tó wà lọ́nà Kubwa, nírọ̀lẹ́ á wà lórí àpáta. Màámi náà máa ń béèrè pé níbo ni ọmọ wa wà báyìí, bí ẹni pé àwọn bí i. Lọ́jọ́ kan, mo ṣí fóònù, ààmì náà wà ní Maitama, láàárín ilé àwọn olówó. Kò sì kúrò níbẹ̀.

Ọkùnrin ọkọ̀ dúdú ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Mo bọ́ aṣọ iṣẹ́, mo wọ bọ́ọ̀sì, mo sọ̀ níbi tí bọ́ọ̀sì dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. Èèyàn kì í fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀. Gbogbo ẹnu géètì tí mo bá kọjá, mẹ́gáàdì ibẹ̀ á dìde. Nígbà tí mo dé ilé tí ààmì náà wà, mo na ọrùn wo ẹ̀yìn ògiri, mẹ́gáàdì kan sì di aṣọ mi mú lẹ́yìn.

“Ta lò ń wá?”

“Ẹyẹ.”

“Ẹyẹ tó ń jẹ́ kí ni?”

“Igún.”

“Ṣé o ti mu nǹkan ni?”

Mo nawọ́ sókè. Ó wà lórí táǹkì omi ilé náà, ó na apá méjèèjì sí oòrùn bí ẹni tó sá agbádá, ẹ̀rọ rẹ̀ ń kọ mànà lẹ́yìn. Mẹ́gáàdì náà wò ó, ó wò mí. Ó ní, “Tìrẹ ni?” Mo ní ti bàbá mi ni. Ó ní kí èmi àti bàbá mi fi òun sílẹ̀ kí ọ̀gá òun tó dé. Nígbà tí mo délé, Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ẹyẹ wọ Maitama, kò tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ èèyàn dé ẹnu géètì, wọ́n lé e.

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ tí ààmì náà dúró sójú kan.

Àpáta tó wà lẹ́yìn Nyanya ló dúró sí. Mo wò ó láàárọ̀, mo wò ó lọ́sàn-án, kò mira. Mo pe Dókítà. Mi ò kí i.

“Ẹ ti tà á.”

“Ta ni yìí?”

“Ẹ mọ ẹni tó ń pè yín. Ẹ ti tà á, ẹ ti ju ẹ̀rọ yín sórí àpáta kí n lè rò pé ó ń sùn.”

Nígbà tínú bá ń bí i, èdè Èkìtì rẹ̀ máa ń jáde, mi ò sì gbọ́ gbogbo ohun tó sọ. Èyí tí mo gbọ́ ni pé kí n wọ bàtà tó nípọn kí n jáde sí títì, àwọn ń bọ̀ wá gbé mi.

Èmi, òun àti awakọ̀ wọn la jọ gun àpáta náà. Ẹ̀rọ ló mú wa débẹ̀, kò ṣìnà. Ẹyẹ náà wà lábẹ́ igi kan, ó pa apá rẹ̀ dé, ó dojú bolẹ̀. Mo sáré ṣáájú wọn. Orí ni mo kọ́kọ́ wò. Orí rẹ̀ pé. Èékánná rẹ̀ pé. Ìyẹ́ apá rẹ̀ ò dín. Kò sí ojú ọgbẹ́, kò sí okùn lọ́rùn rẹ̀. Apẹyẹ tó fẹ́ ta igún kì í pa á kó wá fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé kì í ṣe ọkùnrin Maitama, kì í sì í ṣe Dókítà. Mi ò sọ ọ́ síta.

Wọ́n gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ wọn láti là á. Mo ní ojú mi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Dókítà ní ẹlòmíràn máa ń dákú. Mo ní, “Mà, alápatà ni mí.” Ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ó là á dáadáa, Bàbá. Ọ̀bẹ rẹ̀ kéré bí èékánná, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n, kò fa nǹkan kan ya. Ẹ ìbá fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó ṣí àyà, mo rí ohun tí mi ò rí rí nínú ẹran kankan. Ọkàn ẹyẹ náà funfun. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ funfun. Bí ìgbà tí wọ́n bu láfún lé ẹran tútù. Mo bi í pé kí ni yìí. Ó ní kíndìnrín rẹ̀ ti kú, ìdọ̀tí tó yẹ kó máa bá ìgbẹ́ jáde ti pọ̀ nínú ara rẹ̀ títí ó fi di ẹfun. Ó ní abẹ́rẹ́ kan wà, abẹ́rẹ́ ìrora, tí àwọn olówò màlúù ń gún ẹran tó bá ti ṣubú lọ́nà kó lè dìde. Kò ṣe màlúù ní nǹkan. Ṣùgbọ́n tí igún bá jẹ ẹran tí wọ́n gún un, tí abẹ́rẹ́ náà ò tíì tán lára rẹ̀, bó ṣe máa rí nìyí.

Mo ní ta ló lè fún igún ní irú ẹran bẹ́ẹ̀. Ó ní ohun tó ń rú àwọn lójú nìyẹn, pé àwọn ti ń yẹ ẹran tí wọ́n ń tà lọ́jà wò, àwọn ò rí i.

Ó wá la ọ̀nà ọ̀fun, àpò tí ẹyẹ ń kó oúnjẹ sí. Ẹran díẹ̀ wà níbẹ̀ tí kò tíì rọ̀.

Búlúù ni.

Dókítà fi irin kékeré gbé e sókè sí iná. Ó ní, “Kí ni èyí? Mi ò rí irú rẹ̀ rí.”

Mo ní èmi náà ò mọ̀.

Bàbá, ẹ mọ̀ pé irọ́ kì í gbé lẹ́nu mi. Ó gbé níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ padà, mo tiẹ̀ rò pé òun ló fi búlúù náà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti dúró tì í láti ìbẹ̀rẹ̀, ojú mi ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Tìtorí kí n lè mú un ni mo ṣe ṣọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀, àwa ni mo wá mú.

Mo rántí màlúù tí ẹran búlúù náà ti wá. Èyí pupa tí ìwo rẹ̀ kan ṣẹ́ ni. Ó wólẹ̀ nínú ọkọ̀, ọmọ iṣẹ́ olówò gún un lábẹ́rẹ́ níṣojú mi, ó dìde, ó rìn dé ẹnu pèpéle wa, ó kú kí n tó kọjú rẹ̀ sí gábàsì láti dú u. Mo ní òkúǹbete ni. Mo po búlúù. Mo súfèé. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, mo ní tí Bàbá mi bá ń wò mí, wọ́n á mọ̀ pé mi ò ba orúkọ wọn jẹ́.

Ọjọ́ mélòó kan kọjá, mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe tèmi ló ká mi lára. Ohun tí wọ́n máa sọ nípa yín ni. Gbogbo àwọn tó ń ta òkúǹbete fún ọmọ ènìyàn, tí ara wọn kì í gbà tí ẹ bá ń po búlúù, ẹnu wọn á wá tó yín. Wọ́n á ní ẹ ò rí Alápatà, olódodo, òun ló pa gbogbo igún Àbújá. Mo sọ fún ara mi pé n ó jẹ́ kó sùn. Dókítà pè mí, mi ò gbé e.

Lẹ́yìn náà ni màlúù mìíràn tún kú sí wa lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ti gún lábẹ́rẹ́ nínú ọkọ̀. Mo po búlúù. Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́, mi ò rò ó. Ó ku igún méjì lórí ògiri. Kí n tó mọ̀, mo ti súfèé, wọ́n ti bà sílẹ̀, wọ́n ń bọ̀ wá bá mi bí àgbàlagbà méjì, wọ́n gbà pé èmi ni ẹ̀yin.

Mo ṣa òkúta. Mo sọ ọ́ lù wọ́n. Wọn ò sá, wọn ò mọ ohun tí òkúta jẹ́ láti ọwọ́ ilé wa. Mo tún sọ òmíràn, mo ń pariwo bí wèrè pé kí wọ́n kúrò, kí wọ́n kúrò lọ́dọ̀ mi. Èyí tí òkúta bà lápá ló kọ́kọ́ fò.

Málàm Sani sáré wá di ọwọ́ mi mú. “Kí ló ṣe ọ́? Ẹyẹ bàbá rẹ lò ń sọ lókòó?”

Mo sọ fún un. Níbẹ̀ náà ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀, ẹni tó fẹ́ gbọ́ gbọ́ ọ. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Sani tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó wo garawa búlúù náà títí. Ó ní, “Alápatà kọ́ ló ń gún wọn lábẹ́rẹ́. Wallahi, èmi mọ àwọn tó ń gún wọn. Mo máa ń di ìwo mú fún wọn.”

Mo pe Dókítà. Mo ní, “Búlúù yẹn, tiwa ni. Bàbá mi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.” Mo ti múra ohun tí n ó fi dá a lóhùn tó bá bú yín. Kò bú yín. Ó béèrè bóyá ẹ ṣì wà láyé. Mo ní rárá. Ó ní ó dun òun, òun ìbá fẹ́ kí yín, nítorí ẹran tí wọ́n ń tà nìkan làwọn ń yẹ̀ wò, kò sí ẹni tó rò ó pé ẹnìkan wà lódò ẹran tí kò ta èyí tó kú.

Mi ò tíì gbẹ́kẹ̀ lé e tán o. Ẹ má rò pé wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ dídùn mú ọmọ yín. Màlúù tó bá ṣubú, wọ́n ń gé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ díẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ wọn láti wò ó bóyá abẹ́rẹ́ náà wà níbẹ̀. Mo máa ń bá wọn lọ, mo máa ń dúró tì wọ́n. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ìrora mìíràn wà tí kì í pa igún, wọ́n ń rọ àwọn olówò kí wọ́n gbà á. Àwọn kan gbà. Àwọn kan ní ìjọba fẹ́ ta ọjà tuntun fún àwọn ni, mi ò sì lè bá wọn jà, torí ohun tí èmi náà ìbá sọ nìyẹn. Ẹran òkúǹbete, mo ṣì ń da búlúù sí i. A ń da kẹrosíìnì lé e, a ń sun ún, a sì ń bò ó mọ́lẹ̀. Ìpín igún, inú ẹran gidi nìkan ni mo ti ń gé e báyìí, lára itan. Sani ní Ọlọ́hun á bi mí léèrè, pé igún ń jẹ ohun tí ìyàwó òun ò rí jẹ. Ṣùgbọ́n òun náà ti ń gé tiẹ̀. Ó rò pé mi ò rí òun.

Àwọn méjì tí mo sọ lókòó lọ. Wọn ò wá fún ìgbà pípẹ́. Dókítà fi kámẹ́rà kan sí ẹ̀gbẹ́ ìtẹ́ igún kan níbì kan tí n kò ní kọ síhìn-ín, èmi ni mo ní kó má ṣe sọ orúkọ ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan awakọ̀ rẹ̀. Nínú kámẹ́rà náà, a rí ẹyin kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ kan a rí ọmọ. Kò lẹ́wà rárá, ó dà bí ẹ̀wù òtútù tí wọ́n ká jù sílẹ̀. Màámi ní kí n fi hàn àwọn lẹ́ẹ̀kejì. Màámi ní ó jọ yín nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Ìbéèrè mi wá kù.

Kó tó di pé àìsàn dá yín dùbúlẹ̀, mo bá yín lẹ́yìn odò ẹran láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ lóṣòó ti igún kan tó ti kú. Ẹ fọwọ́ ya ẹnu rẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ ò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀, ẹ sin ín, ẹ fọ ọwọ́ yín títí omi inú kẹ́tùrù fi tán. Ẹ ò jẹun lọ́jọ́ náà. Kí lẹ rí lẹ́nu rẹ̀, Bàbá? Ṣé búlúù ni?

Ohun kan tún wà. Láti kékeré mi, tí mo bá fẹ́ jáde, ẹ máa ń gbé ọwọ́ lé mi lórí, ẹ ó ní gúnnugún kì í kú léwe, ìwọ náà ò ní kú léwe. Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, ẹ ò fi igún ṣàdúrà fún mi mọ́. Ẹ kàn máa ń ní kí Ọlọ́hun ṣọ́ mi. Mo rò pé àìsàn ló ń mú yín gbàgbé rẹ̀. Ní báyìí, mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣé ẹ mọ̀? Tí ẹ bá mọ̀, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ṣé ẹ rò pé mi ò ní gbà ni? Ó ṣeé ṣe kí n má gbà. Orí mi le. Ṣùgbọ́n ẹ ìbá sọ ọ́.

Mi ò bínú. Rárá, mo ń bínú díẹ̀. Ẹni tó bá bú yín níṣojú mi, màá bá a jà, ìyẹn ò yí padà.

Láàárọ̀ yìí, igún kan bà sórí ògiri. Apá rẹ̀ kan ń rọ̀ díẹ̀, ibi tí òkúta mi bà. Mi ò súfèé. Mo gé ẹran, mo sun kékeré lára rẹ̀ lórí iná Sani, mo jẹ ẹ́ níṣojú ẹyẹ náà, mo gbé e mì. Lẹ́yìn náà ni mo fi èyí tó kù sílẹ̀, mo sì rìn sẹ́yìn. Ó wò mí pẹ́, ó fura sí mi. Mo fẹ́ràn bó ṣe fura sí mi. Lẹ́yìn náà ló sọ̀kalẹ̀.

Kí Ọlọ́hun tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Èmi ni, ọmọ yín olórí líle, tó ń tọ́ ẹran wò kó tó fún àwọn oníbàárà yín àkọ́kọ́.